Bàbá Fèyí ní kí ni àgbàlagbà ń wá ní Disney? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Màmá Fèyí, Ìkòròdú:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, inú ló ń bí mi. A fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà, ká mú àwọn ọmọ dé Disney, ọgbà ìṣeré ńlá tó wà ní Florida. Físà ti wà nínú pásípọ́ọ̀tì gbogbo wa tipẹ́, gbogbo ètò ti parí. Bàbá Fèyí nìkan ló kù. Wọn ò sọ pé àwọn ò lọ o, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Wọ́n ní àwọn máa tẹ̀ lé wa, pé kí n ṣáà má ní kí àwọn rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ná.

Kì í ṣe pé wọn kì í rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá wà nídìí pọ́ǹdù ẹja wọn ní Odógunyàn, ẹ̀rín wọn lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí wọn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn ní ká jáde lọ gbafẹ́, ojú wọn á le bí ẹni tí wọ́n pè sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà Kérésì, a lọ síbi ìṣeré kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ankárá kan náà ni mo dá fún gbogbo wa. Télọ̀ tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ti Dámọ́lá jẹ́, òru ni wọ́n tú ọrùn ẹ̀ tí wọ́n tún un rán. A dé ibẹ̀, bàbá Fèyí jókòó sábẹ́ ibòji, fóònù wà létí wọn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹja ni wọ́n ń bá ọmọọṣẹ́ wọn sọ títí a fi kúrò níbẹ̀. Fèyí lọ fà wọ́n lápá pé kí wọ́n wá bá òun wọ mọ́tò kéékèèké tí wọ́n fi ń gbára wọn yẹn. Wọ́n ní, "Lọ pe màmá ẹ." Kò sí fọ́tò kan lọ́jọ́ yẹn tí wọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé èmi nìkan ló ń tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Ní báyìí, tí mo bá ti ṣí fídíò Disney, tí Mickey, eku wọn yẹn, bá yọ, wọ́n á ní, "Èèyàn tó gbé orí eku wọ̀, ṣé ìyẹn ni mo fẹ́ wọ balùú lọ wò?" Alẹ́ àná ni wọ́n tún sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ. Dámọ́lá bú sẹ́kún. Mo sì ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé à ń lọ o, wọ́n ti gbàdúrà ìrìn àjò fún wa.

Ẹ̀yin tí ọkọ yín náà rí báyìí, kí lẹ ṣe tí wọ́n fi bá yín gbádùn ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n fi wọ́n sílẹ̀ nílé.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbò:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Ọmọ ọdún mélòó làwọn ọmọ? Oṣù wo lẹ ń lọ? Ta ni yóò máa wo ẹja? Ta ló ń sanwó? Mo ń bi yín nítorí pé owó Disney kì í ṣe kékeré. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kì í sanwó ìwọlé, ti ọdún 3 sí 9 dín díẹ̀ sí ti àgbà, àmọ́ tó bá ti pé 10, owó àgbàlagbà ni. Iye tíkẹ́ẹ̀tì náà tún yàtọ̀ láti ọjọ́ kan sí èkejì.

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́:
Àǹtí, ọkùnrin tó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ fún ẹja lóúnjẹ, ẹ fẹ́ kó wá máa tò nínú oòrùn nítorí eku. Tó bá ti sanwó, tó sì tẹ̀ lé yín, kí ló tún kù? Ẹ jẹ́ kó jókòó sábẹ́ ibòji ẹ̀.

Àdùkẹ́ Ṣágámù Road:
Ọmọ Ẹ̀bútẹ́, ẹ rọra. Irú ọ̀rọ̀ yín yìí ló ń jẹ́ kí ọmọ dàgbà láì mọ bàbá ẹ̀. Bàbá mi rán mi níléèwé, ebi ò pa mí rí, ṣùgbọ́n mi ò rántí ọjọ́ kan tí a jọ ṣeré. Ọjọ́ tí wọ́n kú, àwọn ará ibi iṣẹ́ wọn ń sọ pé wọ́n máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín gan-an. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò. Kí bàbá Fèyí dìde o.

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́:
Ẹ kú ọ̀fọ̀, Àǹtí Àdùkẹ́. Mi ò bá yín jà. Bàbá tèmi náà ò bá mi ṣeré rí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo wọ yunifásítì, orí ni wọ́n fi ru àpótí mi láti ibùdókọ̀ dé yàrá tí wọ́n fún mi, wọn ò jẹ́ kí n bá wọn gbé e. Ìfẹ́ ọkùnrin pọ̀ lóríṣiríṣi.

Alhaja Sábó:
Ẹ fi àdúrà sí i, kí ẹ sì fi ọgbọ́n sí i. Ti Paris ni àwa lọ, nígbà tí àbúrò mi ṣègbéyàwó ní Faransé. Alhaji ní òun ò ní bá ọmọdé wọ nǹkankan. Òtútù ọjọ́ yẹn ò ṣe é fẹnu sọ, ìbọ̀wọ́ mi kan sì sọnù, mi ò rí i dòní. Àfi bí Alhaji ṣe rí ọkọ̀ ojú irin tó ń yí ọgbà náà ká. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Rélùwéè rí. Ó wọ̀ ọ́, ó sọ̀, ó tún padà lọ tò. Àwa la wá ń bẹ̀ ẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ wá ohun tí ọkọ yín fẹ́ràn, ẹ má fi ohun tí ọmọ fẹ́ràn lọ̀ ọ́.

Màmá Fèyí, Ìkòròdú:
Ẹ ṣé gan-an. Fèyí ti pé ọdún 9, Dámọ́lá pé 6. Oṣù Keje la ń lọ. Ọmọ Ẹ̀bútẹ́, mi ò ní kí wọ́n jó, kí wọ́n ṣáà bá wa wọ nǹkan kan, kí wọ́n bá wa ya fọ́tò kan. Àti pé ẹni tó ń bẹ̀rù òkè kọ́ ni wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má sọ ìyẹn. Alhaja, bàbá Fèyí ò ka ọkọ̀ ojú irin sí. Ẹja nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹja, ẹja, ẹja.

Bùnmi Ìjẹdè:
Mo gbé Orlando, nítòsí Disney yẹn, fún ìgbà díẹ̀ kí n tó padà wálé. Tó bá jẹ́ ẹja ni, ọ̀rọ̀ yín ò le rárá.

Ọgbà ńlá mẹ́rin ni Disney ní níbẹ̀. Magic Kingdom ló ṣáájú, wọ́n ṣí i ní 1971, òun ni ti ààfin àti eku. Ẹ má kọ́kọ́ mú ọkọ yín lọ síbẹ̀. EPCOT ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 1982. Ilé kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Land. Ọkọ̀ ojú omi kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Living with the Land. Kì í sáré, kì í já wálẹ̀, ọmọ ọwọ́ lè wọ̀ ọ́. Ó máa rọra gbé yín gba inú ilé onígíláàsì tí wọ́n ti ń gbin nǹkan. Ẹ máa rí ẹ̀fọ́ tí gbòǹgbò ẹ̀ so rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, tí kò sí iyẹ̀pẹ̀ kankan nídìí ẹ̀, omi ni wọ́n ń fọ́n sí i. Ọkọ̀ náà á tún gba ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja nínú táǹkì, ẹja gidi, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹlẹ́ja tó bá dé ibẹ̀, ọrùn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn wọ inú ẹ̀, ètò kan wà tó ń jẹ́ Behind the Seeds. Ẹnì kan á máa mú yín káàkiri, á sì máa dáhùn ìbéèrè. Owó ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìwọlé. The Seas, ilé tí wọ́n kó ẹja òkun sí, ò jìnnà síbẹ̀, omi táǹkì ibẹ̀ tó gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 5.7. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lọ sí Animal Kingdom. Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n yọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ń gbé èèyàn gba àárín àgùnfọn àti erin kọjá, ìjókòó lásán ni.

Oṣù Keje gbóná níbẹ̀ o, òjò sì fẹ́ràn láti rọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀, ẹ lọ sùn lọ́sàn-án, ẹ padà ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ kíákíá máa ń fún èèyàn ní ife omi tútù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sì lè gbé jọ̀lọ́ọ̀fù yín wọlé, tí kò bá ti sí nínú ìgò. Nǹkan tí gíga Dámọ́lá ò bá tó wọ̀, òbí kan á dúró tì í kí èkejì wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà lẹ máa pààrọ̀, ẹni kejì ò ní tún to ìlà gígùn mọ́. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó tò.

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́:
Wọ́n ń sin ẹja nínú Disney? Mo ti yí ohùn padà. Kó lọ.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbò:
Màmá Fèyí, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Àwa náà sin ẹja àrọ̀ rí. Tí wọn ò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lásìkò, àwọn ńlá á máa gbé kéékèèké mì. Ta ló ń wò ó? Owó yẹn ńkọ́?

Màmá Fèyí, Ìkòròdú:
Ọmọọṣẹ́ wọn ń bẹ níbẹ̀, ó mọṣẹ́. Ní ti owó, mi ò mọ ohun tó kàn án, ṣùgbọ́n ẹ ti bi mí tán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Kissimmee, nítòsí Disney níbẹ̀, ló san gbogbo ẹ̀, ti balùú, ti tíkẹ́ẹ̀tì. Ilé ẹ̀gbọ́n mi náà la máa dé sí. Ẹ̀bùn ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wálé wá sìnkú bàbá wa, ó bi bàbá Fèyí lójú ẹbí pé, "Ẹja lo ṣì ń tà?" Bàbá Fèyí rẹ́rìn-ín, wọn ò sọ nǹkankan, mo rò pé ó ti tán. Nígbà tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi pè wá lórí fídíò, ó sọ fún àwọn ọmọ pé, "Èmi ni mo máa mú yín dé Disney, bàbá yín ò lè mú yín débẹ̀." Eré ló ń ṣe. Bàbá Fèyí wà ní pálọ̀.

Alhaja Sábó:
Háà! Màmá Fèyí, èyí lẹ ò bá ti fi ṣíwájú.

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́:
Kì í ṣe eku ni ọkọ yín ń sá fún.

Tósìn Agric:
Ẹ dúró ná. Ta ni wọ́n fún ní Disney lọ́fẹ̀ẹ́ tó ń bínú? Kí ọkùnrin náà gbé ọkàn sílẹ̀, kó jẹ ẹ̀bùn.

Àdùkẹ́ Ṣágámù Road:
Tósìn, rárá o. Mo ti ń dá bàbá Fèyí lẹ́bi láti òkè, ṣùgbọ́n kò sí bàbá tó fẹ́ kí àna òun máa sọ fún ọmọ òun pé òun ò tó. Fèyí ti pé ọdún 9, ó gbọ́ ọ, ó sì yé e. Màmá Fèyí, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín ní kọ̀rọ̀.

Màmá Fèyí, Ìkòròdú:
Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi lẹ́yìn tí màmá wa kú. Aṣọ iléèwé mi, ìwé mi, ọwọ́ ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti wá. Mi ò lè la ẹnu mi sọ irú ẹ̀ fún un. Ẹ má retí ìyẹn lọ́dọ̀ mi.

Alhaja Sábó:
Ẹ rán ẹni tó jù ú lọ sí i. Àgbà ò tán nínú ẹbí yín. Kí wọ́n sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, kó má dà bíi pé ẹ fẹjọ́ sùn. Kí ọkọ yín náà sì rí ọjọ́ kan tó jẹ́ tiẹ̀ nínú ìrìn àjò yẹn, tí yóò san án látinú àpò ara ẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, kí àwọn ọmọ sì rí i níbi tó ti ń san án.

Màmá Fèyí, Ìkòròdú:
Mo fi fídíò ọkọ̀ ojú omi tí Bùnmi sọ yẹn han bàbá Fèyí lálẹ́ yìí. Mi ò sọ nǹkankan. Nígbà tó dé ibi ẹja, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n dá a dúró, wọ́n fi ìka fẹ táǹkì yẹn lójú, wọ́n ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ omi èyí?" Wọ́n wá béèrè pé èló ni wọ́n ń gbà fún èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn wọ̀ yẹn. Wọ́n ní àwọn máa san ti gbogbo wa, kí n má sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá wa kékeré máa bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ìyẹn ni mo lè ṣe. Bùnmi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n á jẹ́ kí Dámọ́lá bá wa fẹsẹ̀ rìn wọ̀ ọ́?

Bùnmi Ìjẹdè:
Ó lè wọ̀ ọ́, kò sí òṣùwọ̀n gíga níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tètè gbàyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé, wọn kì í kó èrò púpọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ bàbá Fèyí ni kí ẹ fi gbà á.