Ìwé owó ẹgbẹ́ wa ti kúrò nínú báàgì akápò. Ti yín ńkọ́?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú, Ìbàdàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, Èkó àti London. Tẹ́lẹ̀, inú ìwé gbàǹgbà kan tó ń bá akápò kiri ni gbogbo owó ìdáwó wà. Bí bàbá bá ti rìnrìn àjò, kò sẹ́ni tó lè sọ iye tó wà nílẹ̀. Àwọn ará London á fi owó kànga ẹ̀rọ ránṣẹ́, oṣù á gorí oṣù, wọn ò ní mọ̀ bóyá a kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, kódà nígbà tí kọ́bọ̀ kan ò sọnù.

A gbé e lọ sórí Google Sheets, ìwé ìṣirò orí ayélujára tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ ṣí. Akápò àti èmi nìkan ló lè kọ nǹkan sí i. Àwọn yòókù kàn lè wò ó ni. Àǹfààní rẹ̀ hàn nípàdé kan. Bàbá kan dìde, wọ́n ní ₦50,000 làwọn san, kí ló dé tó jẹ́ ₦5,000 làwọn ń rí? "Ṣé ọmọdé lẹ fẹ́ fi mí ṣe ni?" Mo ṣí ibi tí gbogbo àtúnṣe máa ń wà, mo gbé fóònù sún mọ́ wọn. 50,000 ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó dalẹ́, ó di 5,000, orúkọ akápò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ló ṣèèṣì pa òdo kan rẹ́ lórí fóònù. Akápò dá a padà lójú gbogbo wa, bàbá rẹ́rìn-ín, ìpàdé ń bá a lọ. Ká ní inú ìwé ni, wọn ì bá ní ẹnì kan ló fi bírò pa á.

Nọ́ọ̀sì ìgbèríko

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni tiwa. Àjọ kékeré kan tó ń bẹ àwọn aboyún wò láwọn abúlé Ìbàràpá ni mò ń bá ṣiṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. KoboToolbox là ń lò, ètò tí a fi ń gba ìdáhùn sórí fóònù, kódà níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Màá kọ ìdáhùn wọn sórí fóònù lábúlé, á wà níbẹ̀ títí màá fi dé Èrúwà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kó tó lọ sí ọ́fíìsì. Kí n tó délé, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì á ti mọ abúlé tí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti tán. Bébà tí òjò ń pa, tí a tún ń jókòó tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, a ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Àmọ́ ìyá kan bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ta ló máa ka ohun tí ẹ ń kọ nípa mi yìí?" Ìbéèrè gidi ni. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ohun tó nílò ìtọ́jú pàtàkì. A máa ń yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kúrò kí àwọn tó ń fún wa lówó tó rí i.

Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, Èkó

Èmi ò fi gbogbo ara gbà á o. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, inú ààwẹ̀ Ràmàdáánì la wà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ lápá Côte d'Ivoire. Orúkọ àwọn opó tí a fẹ́ fún ní ìrẹsì wà lórí ayélujára, kò ṣí. Ìyá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ ló ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ tó ṣáájú. Bébà yẹn la fi pín in. A ò tíì kúrò níbẹ̀ ṣá, ṣùgbọ́n a kì í pín nǹkan mọ́ láìtẹ orúkọ jáde.

Olùyẹ̀wò owó, Abẹ́òkúta

Ohun tí mo sábà máa ń bá níwájú: orí íméèlì ẹnì kan ni gbogbo nǹkan ẹgbẹ́ wà. Akọ̀wé á jápa lọ Kánádà, kóòdù tí wọ́n fi ń wọlé á máa lọ sórí síìmù tí kò sí mọ́. Kí ló fi yàtọ̀ sí báàgì akápò? Ẹ ṣí i lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹni méjì ní àṣẹ lórí rẹ̀, kí síìmù jẹ́ ti ẹgbẹ́.

Bí ẹgbẹ́ bá ní ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó fún ètò kọ̀ǹpútà. Salesforce, tó ń ta ètò fún títọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà, ń fún àwọn àjọ tí kì í ṣòwò ní àyè ẹni 10 lọ́fẹ̀ẹ́, Microsoft náà ní tirẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n Salesforce ti pọ̀ jù fún ẹgbẹ́ àdúgbò, ká má tan ara wa. Àyè 15GB tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ tó ìwé owó ṣe. Fídíò ayẹyẹ ló máa ń kún un, ẹ wá ibòmíràn kó wọn sí.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú, Ìbàdàn

Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ Ìyá Ẹgbẹ́ ni síìmù tiwa wà. Wọn kì í jẹ́ kí káàdì tán lórí ẹ̀.