Àrokò kọ́ ni káàdì inú àwòrán La Tour

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ọ̀gá tó kọ lẹ́tà pé kí a máa pe àmì inú àwòrán ní "àrokò-àwòrán" fi àwòrán obìnrin oníkáàdì tí Georges de La Tour, ayàwòrán ará Faransé, yà ní nǹkan bí 1635 ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó wà ní Louvre, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Paris. Nínú rẹ̀, oníjìbìtì kan ń fi káàdì tó fi pamọ́ rẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin olówó jẹ nídìí tẹ́tẹ́, obìnrin náà sì wà láàárín wọn. Àwòrán yẹn gan-an ló já ọ̀rọ̀ wọn.

Àrokò kì í dá rìn. Ẹnì kan ló rán an, ẹnì kan ló gbà á, àwọn méjèèjì sì ti mọ ohun tó ń wí. Owó ẹyọ mẹ́fà: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Ohùn ọ̀rọ̀ ló ru ìtumọ̀ náà. Ẹ yọ ẹyọ kan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti dàrú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe ń lò ó.

Ẹ wá wo La Tour. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ya ìran yìí. Káàdì éèsì dáyámọ́ńdì ni oníjìbìtì fi pamọ́ nínú ti Louvre, éèsì kílọ́bù ni nínú ti Kimbell, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Fort Worth ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ìwà ọ̀dàlẹ̀ kan náà la rí. Nítorí náà, kì í ṣe ojú káàdì ló ń sọ̀rọ̀. Ibi tí káàdì wà ni: ẹ̀yìn ìgbànú oníjìbìtì, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin olówó tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún kò lè rí.

Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, kó kọ́kọ́ tẹ̀ lé ojú àti ọwọ́. Obìnrin náà yí ẹyin ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà oníjìbìtì. Ọmọ ọ̀dọ̀ gbé wáìnì dání. Òjìji bo ojú oníjìbìtì. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nìkan ló tẹjú mọ́ káàdì tirẹ̀. Wáìnì, tẹ́tẹ́, obìnrin: ohun mẹ́ta tí àwọn ayàwòrán ayé ìgbà náà fi ń kìlọ̀ fún ọmọ olówó.

Ẹlòmíràn ní ayàwòrán ló rán an, àwa la gbà á. N kò gbà. Àdéhùn wo ló wà láàárín wa?

"Àmì" tó, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì dákun, àrokò kọ́ ni àròkọ. Ẹni tó kọ "àròkọ" dípò "àrokò" lẹ́ẹ̀mẹta nínú lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ máa kọ́ wa ní ohùn.

Ti "iyùn" tí wọ́n pe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn obìnrin náà ńkọ́? Pupa ni iyùn. Péálì funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju péálì lọ, kó mú un wá.