Sàréè àdádó: èsì mi lórí orúkọ tí a ó fún àwọn sàréè inú ijù Ọsirélíà

Ẹ̀yin ará wa,

Ẹ kú àríyànjiyàn o. Láti ìgbà tí àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún àwọn tó fẹ́ lọ wo Ọsirélíà ti béèrè ohun tí a lè pe “lone grave”, ọ̀nà mẹ́ta ni ìdáhùn pín sí. Àwọn kan ní “sàréè aginjù”. Àwọn kan ní “ibojì àdáwà”. Bàbá wa Ọ̀jọ̀gbọ́n ní “ojú oórì ijù” ni, kí oníkálukú sì lọ sùn. Bàbá, ẹ má bínú, n kò tíì lè sùn. “Sàréè àdádó” ni mo fara mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa níbẹ̀: ìjọba Ọsirélíà máa ń ya sàréè sínú àwòrán ilẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń ya kànga àti ojú ọ̀nà. Ibi tí kò sí ìlú, tí kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò sí itẹ́ òkú, ẹ ó kàn rí àmì kékeré kan níbẹ̀, “grave”, nígbà mìíràn “lone grave”. Ó lè jẹ́ ti olùwádìí ilẹ̀, ti darandaran, ti ẹni tó ń fi ràkúnmí kó ẹrù, ti ẹni tó wá wa góòlù, ti obìnrin tó kú sórí ìkúnlẹ̀, tàbí ti ọmọdé. Oòrùn ibẹ̀ kì í jẹ́ kí òkú dúró de ẹbí. Ibi tí ẹ̀mí bá ti bọ́ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí orí sàréè James Poole. Òun ni igbákejì Charles Sturt, olùwádìí ilẹ̀, nínú ìrìn-àjò 1844 sí 1845. Sturt gbà pé òkun kan wà láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Ọsirélíà, ó sì gbà á gbọ́ débi pé ó gbé ọkọ̀ ojú omi dání la ilẹ̀ gbígbẹ já. Òkun kò sí. Omi kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún wọn wà ní àfonífojì kan tí wọ́n sọ ní Depot Glen, nítòsí ibi tí Milparinka wà lónìí. Ọ̀dá sé wọn mọ́ ibẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà: kò sí omi níwájú, èyí tí wọ́n gbà kọjá lẹ́yìn sì ti gbẹ. Sturt kọ ọ́ sílẹ̀ pé irun orí àwọn dẹ́kun híhù, èékánná àwọn sì ń ṣẹ́ bíi gíláàsì. Àìrí ewé àti èso tútù jẹ mú kí erìgì wọn máa wú, kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde níbẹ̀, àìsàn yìí ló sì dá Poole dùbúlẹ̀. Nígbà tí òjò wá rọ̀ ní Oṣù Keje 1845, wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù kó máa lọ sílé. Kò tíì rìn jìnnà tó fi kú. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí ibùdó, wọ́n sin ín sábẹ́ igi kan, wọ́n gbẹ́ “J.P. 1845” sára igi náà.

Ibùdó ni wọ́n gbé e padà sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí èèyàn dó ni pé kó pàgọ́, kó fìdí kalẹ̀ síbì kan: a ń tẹ ìlú dó, ogun ń dó ti ìlú, ọdẹ ń ní ibùdó. (Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ “dó” kejì, kò sí lára ohun tí à ń sọ.) Ẹni tó dá dó ni ẹni tó pàgọ́ síbi tí àwọn yòókù kò sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni púpọ̀ nínú àwọn sàréè yìí: ẹ̀bá ibùdó, ìdí kànga, ibi tí màlúù ti ń mu omi. Àwọn tó kù ká àgọ́, wọ́n lọ, ẹnìkan kò lè bá wọn lọ.

Àwọn tó fẹ́ “àdáwà” sọ pé ọ̀rọ̀ mi kò ní àánú nínú, pé “lone” ti gẹ̀ẹ́sì ń dunni lọ́kàn. Òótọ́ ni pé ó ń dunni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń dùn? Ẹni tó wa mọ́tò kọjá lónìí ni. Ẹ̀yin ẹ wo sàréè ìdílé Page lẹ́bàá ọ̀nà Birdsville. Ní Oṣù Kejìlá 1963, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta kúrò ní Marree, wọ́n forí lé Birdsville, ọ̀nà pòórá mọ́ wọn lójú, epo mọ́tò tán, òùngbẹ pa gbogbo wọn. Sàréè kan ṣoṣo ni wọ́n sin àwọn márààrún sí. Ṣé ẹ fẹ́ pe ìyẹn ní ibojì àdáwà, kí òǹkàwé Yorùbá máa wá ẹnì kan ṣoṣo tó dá wà níbẹ̀? Abà àdádó lè gba ọkọ, aya àti ọmọ méje. Ipò tí abà náà wà sí àwọn abà yòókù ni orúkọ rẹ̀ ń sọ, kò sọ iye ẹni tó wà nínú rẹ̀, kò sì sọ bóyá inú wọn dùn.

“Aginjù” ló ń ká mi lára jù. Ọ̀rọ̀ Bíbélì ti wọ̀ ọ́ lára. Bí Yorùbá bá ti gbọ́ aginjù, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó ń rìn fún ogójì ọdún ló ń rí, ilẹ̀ tí kò ní ará. Ilẹ̀ Ọsirélíà kò rí bẹ́ẹ̀, ikú Burke àti Wills sì jẹ́rìí sí i. Oṣù Kẹjọ 1860 ni ẹgbẹ́ wọn kúrò ní Melbourne láti la ilẹ̀ náà já dé etíkun àríwá. Mẹ́rin péré ló ṣe apá tó kẹ́yìn ìrìn náà: Robert O'Hara Burke, William John Wills, Charles Gray àti John King. Gray kú nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ní Oṣù Kẹrin 1861. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mẹ́ta tó kù wọ́ ara wọn dé ibùdó wọn létí odò Cooper ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì bá a pé òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn tó ń dúró dè wọ́n ti ká àgọ́, tí wọ́n ti lọ. Àwọn tó lọ ti gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára igi pé kí wọ́n hú oúnjẹ lábẹ́ ilẹ̀. Oúnjẹ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbé wọn dé ilé.

Ebi sì pa wọ́n kú ní ibi tí àwọn ará ìlú ti ń jẹun yó. Àwọn Yandruwandha tó ni ilẹ̀ náà (ọmọ onílẹ̀ tòótọ́ o, kì í ṣe àwọn tó ń gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ wa ní Èkó) ń fún wọn ní ẹja, wọ́n ń fún wọn ní nardoo, èyí tí wọ́n ń lọ̀ bí ìyẹ̀fun láti ara ewéko kan tó ń hù létí omi. Nardoo ní èròjà kan tó ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara, onílẹ̀ mọ bí a ṣe ń pèsè rẹ̀, àlejò kò mọ̀. Wọ́n ń jẹ ẹ́, okun ń tán nínú wọn. Burke tilẹ̀ yìnbọn nígbà kan láti lé àwọn tó ń fún un lóúnjẹ. Òun àti Wills kú ní nǹkan bí ìparí Oṣù Kẹfà 1861. King nìkan ló lọ bá àwọn Yandruwandha, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí àwọn tí Alfred Howitt kó wá fi rí i ní Oṣù Kẹsàn-án.

Gbólóhùn kan wà nínú ohun tí King sọ lẹ́yìn náà tó yẹ kó parí ọ̀rọ̀ aginjù. Ó ní òun mú àwọn Yandruwandha lọ síbi tí òkú Burke wà. Bí wọ́n ti rí i, gbogbo wọn sunkún kíkorò, wọ́n sì fi ewé igbó bò ó. Kí Howitt tó dé, kí ìjọba Victoria tó mọ̀ pé wọ́n ti kú, òkú Burke ti ní ẹni tó sunkún lé e lórí. Báwo la ó ṣe wá pe ibẹ̀ ní aginjù?

Nítorí náà, fún “outback” fúnra rẹ̀, ìyẹn inú ilẹ̀ Ọsirélíà tó jìnnà sí ìlú, “ijù” tí Bàbá Ọ̀jọ̀gbọ́n mú wá dára lójú mi. Ijù jìnnà sílé, kò sí oko níbẹ̀, ó sì léwu, àmọ́ gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé ọdẹ ń dó síbẹ̀ àti pé ẹni tó mọ ibẹ̀ ń jẹun níbẹ̀. “Ìgbèríko” tí ẹnìkan dábàá tutù jù. Ìgbèríko ni ibi tí a ti ń lọ ra iṣu lówó pọ́ọ́kú.

Ṣùgbọ́n Bàbá, “ojú oórì” kò bá a mu. Ojú oórì ni ibi tí ọmọ olóògbé ń kúnlẹ̀ sí, tó ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Inú ilé tàbí ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà, kò sì lè jẹ́ ojú oórì bí kò bá ní ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀. Àṣà wa gan-an mọ̀ pé òkú ọ̀nà jíjìn kò ní ojú oórì níbi tó kú sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé irun àti èékánná ẹni tó bá kú sójú ogun tàbí lẹ́nu ìrìn-àjò wálé, tí wọ́n á sì fi ṣe ìsìnkú rẹ̀. (Èékánná Sturt ìbá ti fọ́ sọ́nà.) Àwọn òyìnbó náà ní irú rẹ̀: nígbà tí Wills mọ̀ pé òun ń kú, aago rẹ̀ àti lẹ́tà kan sí bàbá rẹ̀ ló kó lé Burke lọ́wọ́.

Ẹni tó bá lókìkí, wọ́n ń padà lọ gbé e. Wọ́n hú egungun Burke àti Wills, wọ́n gbé e dé Melbourne, ìjọba sì ṣe ìsìnkú ńlá fún wọn ní Oṣù Kìíní 1863. Lasseter tó kú ní 1931 níbi tó ti ń wá góòlù tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí títí dòní, wọ́n hú òun náà ní 1958 lọ sí itẹ́ òkú Alice Springs. Àwọn wọ̀nyí ti kúrò ní àdádó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà ìtumọ̀, torí ìwé tí àbúrò wa ń túmọ̀ pe ti Lasseter ní “lone grave”, kò sì rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lórí “ibojì” tàbí “sàréè”, n kò ní jà. Ẹni tó ní ibojì ti inú “ibòòji” wá, tó sì fi igi orí Poole ṣe ẹ̀rí, ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu. Sàréè ni mo yàn torí pé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń lò ó bákan náà, àwọn méjèèjì sì wà nínú ijù yẹn. Dost Mahomet wà lára àwọn tó bá ẹgbẹ́ Burke kó ràkúnmí wá láti ilẹ̀ Íńdíà ní 1860. Ràkúnmí kan ṣe é léṣe lápá débi pé apá náà kò wúlò mọ́, ó dúró sí Menindee, ó ń ṣe búrẹ́dì tà, ibẹ̀ ló kú sí. Ẹ̀yìn ìlú ni sàréè rẹ̀ wà, òun nìkan. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ ńlá náà, òun ni orúkọ “sàréè àdádó” tọ́ sí jù, kò sì sí ẹni tó wá hú u lọ sí Melbourne.

Ọ̀rọ̀ òkúta orí sàréè ṣì kù, nítorí ẹnìkan ti dábàá “òkúta ìrántí”, àbúrò wa sì ní orí kan lórí John Flynn. Flynn ni àlùfáà tó dá ètò dókítà tó ń fi bàálù lọ bá aláìsàn sílẹ̀ ní Cloncurry ní 1928. Ó kú ní 1951, wọ́n sì sin eérú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkè Gillen, lẹ́yìn Alice Springs. Òkúta ràbàtà kan láti Karlu Karlu ni wọ́n gbé lé e lórí. Wọn kò bi àwọn Warumungu àti Kaytetye tí Karlu Karlu jẹ́ ibi mímọ́ wọn léèrè. Ó di 1999 kí òkúta náà tó padà sílé, lẹ́yìn tí àwọn Arrernte fi òkúta mìíràn láti ilẹ̀ tiwọn dípò rẹ̀. Bí a bá kọ “òkúta ìrántí” sórí ìtàn yìí, a ti gba ìdájọ́ tí àwọn tó gbé e wá kọ́kọ́ dá. “Òkúta orí sàréè” tó, kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ mi kò lè gbé gbogbo òkú ijù o. Ní 1911, wọ́n pa darandaran méjì, Thomson àti Shoesmith, nídìí Kànga 37 lójú ọ̀nà màlúù tí Canning là. Sàréè wọn wà níbẹ̀, ó wà nínú àwòrán ilẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tó lọ síbẹ̀ lẹ́yìn náà pa nínú àwọn ọmọ onílẹ̀. Ẹ wá àwòrán ilẹ̀ títí, ẹ kò ní rí àmì tiwọn. Canning fúnra rẹ̀ ti fi ṣẹ́ẹ̀nì de àwọn èèyàn yẹn kí wọ́n lè fi omi hàn án, ìgbìmọ̀ ìjọba jókòó lórí ẹ̀sùn náà ní 1908, ó sì dá a láre. “Àdádó” kò sọ nǹkan kan nípa àwọn wọ̀nyẹn, n kò sì fẹ́ kí a nà án dé ọ̀dọ̀ wọn. Sàréè tí wọn kò fi àmì sí yàtọ̀ sí sàréè tó dá dó. Ti àwọn tó wá wa góòlù ní Coolgardie láti 1892, tí táífọ́ọ̀dù pa kí ẹnikẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá, ìyẹn náà yàtọ̀: itẹ́ òkú ìlú ni púpọ̀ wọn wà. “Sàréè aláìlórúkọ” ni kí a máa pe tiwọn.

Àbúrò wa, má fi “aginjù” sínú àlàyé àwòrán ilẹ̀ náà, jọ̀wọ́. Kọ “sàréè àdádó” síbẹ̀, kí o sì bi òǹtẹ̀wé bóyá àyè wà láti kọ orúkọ àwọn onílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Yandruwandha létí odò Cooper, Arrernte ní Alice Springs. Bàbá Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ń retí èsì yín lórí “ijù”, torí ẹnìkan ti ń kọ sí mi níkọ̀kọ̀ pé ní Èkìtì ijù kò jìnnà tó bí mo ṣe sọ ọ́.