Ibo ni kí n fi ẹ̀mí dírágónì akúdàáyà yìí pamọ́ sí?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń darí eré Dungeons & Dragons (eré ìtàn àròsọ tí à ń jókòó ṣe) fáwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí. Dírágónì tí wọ́n pa lóṣù tó kọjá ni mo fẹ́ jí dìde: egungun lásán, iná tó dú bí aró nínú ihò ojú rẹ̀. Inú òkúta iyebíye ni ẹ̀mí irú wọn máa ń wà. Bí òkúta yẹn ò bá fọ́, ẹ̀mí náà á tún wọ òkú dírágónì mìíràn.

Ìsàlẹ̀ ìkòkò aró ni mo fẹ́ fi í sí (ìlú aró kúkú nibí). Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi yìí, ìkòkò kì í kọjá lójú ẹ̀ kó má fọ́ ọ! Ẹ jọ̀ọ́, àmì wo ni kí n fi sílẹ̀ tí ò ní tètè tú àṣírí? Ṣé kí ẹ̀mí náà máa sọ̀rọ̀ ni, àbí kó kàn máa wò wọ́n?