Láptọ́ọ̀pù géèmù àbí èyí tó fẹ́lẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Agbowó ni mò ń gbé, fídíò ìgbéyàwó ni mò ń gé jẹun. Láptọ́ọ̀pù mi ti dákẹ́. Mo lọ sí Queen Cinema, níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà n'Ìbàdàn níbí, méjì ló wọ̀ mí lójú, owó wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ti géèmù ní RTX 3050 (káàdì àwòrán tó ń mú kí iṣẹ́ fídíò yá) àti RAM 16GB, ṣùgbọ́n ó wúwo, ṣájà rẹ̀ nìkan dà bí búlọ́ọ̀kù: wọ́ọ̀tì 180! Èkejì fẹ́lẹ́, ṣájà USB-C wọ́ọ̀tì 65 ló ń lò, àmọ́ kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀.

Iná ni wàhálà mi. Mo yá ti géèmù ọ̀rẹ́ mi lò fún ọjọ́ méjì. Bí mo ṣe so ó mọ́ ìnfátà kékeré ilé wa báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì-píì, màmá mi ní ṣé mo fẹ́ dáná sunlé ni. Bátìrì rẹ̀ náà kò tó wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n fídíò tó máa ń gbà mí lóru mọ́jú, kò tó wákàtí kan tó fi yọ ọ́ jáde. Ìyẹn dùn mọ́ mi o, kí n má purọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gé fídíò n'Ìbàdàn, pẹ̀lú iná wa yìí, èwo ni kí n rà nínú méjèèjì? Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ sílẹ̀.