Yunifásítì ńlá tàbí kékeré: èwo ni kí àbúrò mi yàn?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin olùkọ́, mo kí yín láti Abẹ́òkúta. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin, ọkàn wa sì pín sí méjì láàárín Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti wà láti 1948, àti Yunifásítì Crescent, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú wa níbí ní 2005. Owó ilé ẹ̀kọ́ aládàáni bíi Crescent ga, a mọ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìwádìí tí olùkọ́ bá tẹ̀ jáde ni wọ́n sábà máa ń wò jù kí wọ́n tó gbé e ga, bí ó tilẹ̀ mọ ẹ̀kọ́ kọ́ dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, níbi tí ẹ ti kàwé, ṣé olùkọ́ máa ń dá iṣẹ́ yín padà pẹ̀lú àlàyé létí ìwé, àbí máàkì nìkan lẹ máa ń rí?