Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: elégédé Halloween níbi iṣẹ́ wa

Arẹwà Ìjẹ̀ṣà, Maryland
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó elégédé gbígbẹ́ níbi iṣẹ́ wa lọ́dún yìí fún Halloween, àjọ̀dún tí wọ́n máa ń gbẹ́ ojú iwin sára elégédé, tí wọ́n á sì tan iná sínú rẹ̀. Àwa bí ogún la máa gbẹ́ ẹ, a ó sì tò wọ́n síwájú ilé ìkàwé àdúgbò kí àwọn ọmọdé tó ń jáde lálẹ́ ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, lè rí i. Ewé gbọ̀ọ̀rọ̀ ni mo mọ̀ ọ́n sè, mi ò gbẹ́ elégédé rí. Irú èwo ni kí n rà? Ìgbà wo ni ká gbẹ́ ẹ tí kò fi ní jẹrà? Àwọn méjì kan tún wà nínú wa tí ìgbàgbọ́ wọn kò gba ojú iwin.

Bàbá Ọlọ́gbà, Illinois
Ọmọ mi, ìpínlẹ̀ tí mo wà yìí ló ń kórè elégédé jù ní Amẹ́ríkà, èmi náà sì ń gbìn díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Dojú rẹ̀ dé, fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ káàkiri. Bí ibì kan bá rọ̀, fi í sílẹ̀. Èyí tó lè dá dúró ni kí o mú, má sì fi igi orí rẹ̀ gbé e, ó máa já ni. Àwọn kéékèèké tó dùn, ìkòkò ọbẹ̀ ló ni wọ́n.

Ìdí ni kí ẹ ti dá a lu, kì í ṣe orí. Bí ẹ bá gé orí, ọmọrí rẹ̀ á súnkì, á já sínú. Bí ẹ bá gé ìdí, ẹ ó kàn gbé e bo iná ni. Ẹ fi ṣíbí irin ha inú rẹ̀ títí ibi tí ojú máa wà yóò fi nípọn tó ínṣì kan. Okùn inú elégédé tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bu.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Baltimore
Àbúrò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ọ̀bẹ ìdáná wá. Elégédé ń yọ̀. Ọ̀bẹ ńlá á há, ẹni náà á fi agbára fà á, àtẹ́lẹwọ́ ló máa jẹ ẹ́. Ayùn kékeré tí wọ́n ń tà lásìkò yìí ti tó. Iná bátìrì ni kẹ́ ẹ lò, torí aṣọ gbọọrọ tí àwọn ọmọ máa ń wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn lè gbaná lára àbẹ́là.

Tó bá ku ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ. Bí ooru bá mú, kì í pé ọ̀sẹ̀ kan. Po ṣíbí ìjẹun kan bílíìṣì mọ́ gálọ́ọ̀nù omi kan, fín in sínú rẹ̀, jẹ́ kó gbẹ, kí o wá fi Vaseline pa etí ibi tẹ́ ẹ gé.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Houston
Ọ̀rọ̀ àwọn méjì yẹn ló kàn mí. Àwọn ará Ireland ló kó àṣà yìí wá sí Amẹ́ríkà. Tọ́níìpù, ohun ọ̀gbìn kan tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń rí roboto, ni wọ́n ń gbẹ́ nílé wọn tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé ojú iwin ni dandan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fín in bí àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ ṣe ń fín igbá. Ẹbí kan náà ni igbá àti elégédé. Kí wọ́n má dá ojú rẹ̀ lu rárá. Kí wọ́n fi irin ìfíngi tẹ́ẹ́rẹ́ bó èèpo òde nìkan, ìlà lórí ìlà, kí wọ́n fi ẹja tàbí alángbá sí i. Bí iná bá tàn nínú rẹ̀, èèpo á dúdú, gbogbo ìlà yẹn á sì pọ́n bí oyin. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kò sí ojú iwin tó lẹ́wà tó o.

Ní ti títò, ẹ má tò ó sílẹ̀ gbalaja. Ní Keene, New Hampshire, lọ́dún 2013, wọ́n tan 30,581 lẹ́ẹ̀kan náà, orí pátákó onípele ni wọ́n sì to púpọ̀ nínú wọn sí. Àtẹ̀gùn ilé ìkàwé yín máa ṣe é.

Arẹwà Ìjẹ̀ṣà, Maryland
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo máa wá irin ìfíngi lọ́la. Kóró inú rẹ̀ ńkọ́?

Bàbá Ọlọ́gbà, Illinois
Fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, fi òróró, iyọ̀ àti ata gígún pa á, kí o yan án nínú ààrò títí yóò fi pọ́n. Kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ níbi iṣẹ́. Èyí tẹ́ ẹ bá fi bílíìṣì sí, ẹ má fún ẹran jẹ.